Ọmọ Mẹ́ta, Àwòrán Kan

Àwòrán náà kò tóbi ju ìwé ìkọ̀wé tí a ṣí sílẹ̀ lọ, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó tú ilé ká. Olóògbé tó yà á, iṣẹ́ pátákó kíkọ ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n kọ "A ń tún bàtà ṣe níbí" sí ládùúgbò wọn, tàbí èyí tí wọ́n kọ "Ṣọ́ra, ajá ń bẹ" sí lára géètì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ogójì ọdún ló fi kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà fún ẹni ẹlẹ́ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yàwòrán fún ara rẹ̀. Ó gé kánfáàsì tó ṣẹ́ kù lára ìbòrí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ó kàn án mọ́ igi, ó sì ya ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ̀yìn ìyàwó náà ló yà: ọrùn, etí kan, èjìká, àti ọwọ́ tó ń ti aṣọ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ wọn máa ń sọ pé Bàbá yà á bẹ́ẹ̀ kí ayé lè rí bí Màmá ṣe ń tẹjú mọ́ iṣẹ́. Màmá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, mọ bó ṣe jẹ́. Inú ló ń bí i sí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ kọjú sí i. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ro ó, ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ya ohun tó rí.

Nígbà tí ọdún yípo tí bàbá ti lọ, ọ̀rọ̀ àwòrán dé.

"Èmi ni àkọ́bí," ni èyí àgbà wí, obìnrin tó ń po oògùn, tí ìmọ́tótó rẹ̀ ń ba àlejò lẹ́rù. "Ọwọ́ àkọ́bí ni ohun bàbá ń kọ́kọ́ bọ́ sí."

"Èmi ni mo máa ń bá wọn di àkàbà mú," ni ọkùnrin àárín wí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa pariwo bí ẹni pé gbogbo ayé fẹ́ forí sọ ògiri. "Ta ni àkàbà ì bá yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ bí kò sí tèmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ti kọ́lé, ẹ ti kó ẹrù sí i," ni àbígbẹ̀yìn wí, onídìrí tí ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. "Kí lẹ fẹ́ kí èmi gbé kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi? Kàlẹ́ńdà?"

Ọ̀rọ̀ náà wá le débi pé, bí ọ̀kan nínú wọn bá wá kí ìyá wọn, ògiri pálọ̀ ló máa kọ́kọ́ wò bóyá àwòrán ṣì wà níbẹ̀, kó tó wo ojú ìyá bóyá ìyá ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Apòògùn ki àwòrán bọ àpò, ó ní òun fẹ́ lọ nu eruku ara rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti pàdé rẹ̀. Ọ̀kan di igi òkè mú, èkejì di ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń fà á bí ẹran iléyá. Ìyá Aránṣọ jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ẹ gbé mi kalẹ̀!"

Wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó yíjú sí obìnrin tó wà nínú àwòrán náà gan-an kó bi í pé, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ẹ?" Ó sì fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó pé báwo ni ìyá ṣe máa bá ọmọ du nǹkan tí ojú kò ní ti í.

Àbúrò Ìyá Aránṣọ ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì gbà pé ohunkóhun tó bá ti ní bọ́tìnnì lára, òun ni Ọlọ́run dá a fún. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Akọ̀wé. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan lórí tábìlì nínú yàrá, irú èyí tó ń tú íǹkì wínníwínní sórí ìwé. Ìwé ìpàdé àwọn tó fẹ̀yìn tì ló fi ń tẹ̀.

"Ẹ̀rọ rẹ yìí," ni Ìyá Aránṣọ bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ṣé ó lè tẹ àwòrán sórí aṣọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ohun tí kò lè ṣe kí n gbọ́."

"Jẹ́ ká tẹ mẹ́ta nígbà náà. Ká fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Ká ní ojúlówó wà nínú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wá pé èwo ni."

"Ojúlówó fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ wo ilẹ̀. "Yóò wà lẹ́yìn àpótí aṣọ mi."

Àǹtí Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Irọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kì í ṣe irọ́. Ọgbọ́n àgbà ni."

"Irọ́ tó bá ti hu ewú, ọgbọ́n àgbà lẹ̀ ń pè é."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó sì lọ mú fóònù rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti le jù, Àǹtí Akọ̀wé gun àpótí ìjókòó láti yà á láti òkè. Àkọ́kọ́, òjìji orí rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀. Ìkejì, àtàǹpàkò rẹ̀ ló gbé sójú fóònù. Ìkẹta dára.

Ìyá Aránṣọ kò rí ìdí tí wọ́n fi máa lọ ra kánfáàsì nígbà tó ní odindi ìdì rẹ̀ nílé, èyí tó fi ń rán àpò ìfàlọ́wọ́. Ó gé e ní ìwọ̀n ìwé. Àǹtí Akọ̀wé tẹ́ ẹ sínú àwo ìwé tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ fà á, ó kùn, ó tún kùn, ó wá ṣe "kràà!" bí ẹni tí egungun há lọ́fun, ó sì dákẹ́. Ìdajì aṣọ wà nínú, ìdajì wà níta.

"Rọra fà á," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Èmi kọ́ ni mò ń fà á, ẹ̀yin lẹ̀ ń fà á."

Ọ̀rọ̀ hàn lójú ẹ̀rọ. Àǹtí Akọ̀wé tẹ̀ ba, ó kà á. "Ó ní ìwé há sí òun lọ́fun."

"Sọ fún un pé kì í ṣe ìwé."

Wọ́n yọ okùn iná ẹ̀rọ náà. Ìyá Aránṣọ mú ẹ̀mú kékeré tó fi ń yọ òwú, ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa òwú kọ̀ọ̀kan kúrò lára róólà inú ẹ̀rọ. Ó tó wákàtí kan kó tó mọ́. Aṣọ tó jáde, àwòrán kankan kò sí lára rẹ̀. Íǹkì ti fọ́n ká bí ìgbà tí wọ́n da omi aró sórí ẹní.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan lọ tó ń ta ìwé àti férémù. Ó gbé ìdì kánfáàsì kan tó ní ègé mẹ́wàá nínú sílẹ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n ti fi ẹfun kan pa lójú kan kí íǹkì lè dúró lára rẹ̀.

"Ó nípọn o," ló wí. "Ẹ̀rọ yín á gbà á ṣá?"

"Ẹ̀rọ wa kì í kọ nǹkan," ni Àǹtí Akọ̀wé dá a lóhùn láìṣẹ́jú.

Ọkùnrin náà wo ojú Ìyá Aránṣọ, ó rí òtítọ́ níbẹ̀. Ó wá rọra ṣàlàyé: ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí wọ́n máa gbà fi í sí i, níbi tí kò ti ní ká kọ̀rọ̀, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ pé ìwé tó nípọn ni, bó bá jáde, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan, kí wọ́n wá fi fáníìṣì kùn ún, nítorí omi ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ra ìgò fáníìṣì kékeré kan mọ́ ọn.

Bí ẹ bá rò pé ìyà ti tán, ẹ ò tíì mọ ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́, ojú tí kò ní ẹfun ni wọ́n kọ sókè, Ìyá Aránṣọ sì jáde bí ẹni tó ń ránṣọ nínú èéfín. Èkejì jáde dáadáa títí dé ọrùn. Etí kánfáàsì ká sókè, ohun tó ń tú íǹkì sì ń kọlù ú, "kà, kà, kà," ó sì fa ìlà dúdú kan la ọrùn obìnrin inú àwòrán kọjá.

"Yéè," ni Àǹtí Akọ̀wé wí, "wọ́n ti bẹ́ yín lórí."

Ẹ̀kẹta wọ́ wọlé. Ẹ̀kẹrin kọ̀ láti wọlé rárá títí etí rẹ̀ fi rún. Ní ti ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀keje bàjẹ́, Àǹtí Akọ̀wé lu tábìlì. "Kánfáàsì yìí ò gbọ́ràn! Ọ̀gá mẹ́rin ni mo bá ṣiṣẹ́, kò sí èyí tó yájú sí mi tó báyìí."

"Dìde níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "O ń bá a jà bí ìwé. Aṣọ ni. Aṣọ lèmi sì mọ̀."

Ó mú ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù, ó fi ìka tọ́ etí rẹ̀ yíká. Ó rí i pé bí wọ́n ṣe ká a sínú ìdì ló ṣe ń fẹ́ padà ká. Ó dojú rẹ̀ bo ilẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lọ̀ ọ́ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi àlùmọ́gàjí rẹ́ gbogbo òwú tó yọrí. Ó lẹ sẹ́lótéèpù tínrín mọ́ etí tó máa kọ́kọ́ wọlé, kí róólà lè rí nǹkan gidi bù jẹ. Ó wá dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí kánfáàsì náà sókè, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń gbé kọ́tìnnì ńlá tó bá ń rán an.

"Tẹ bọ́tìnnì rẹ. Aṣọ tó bá wúwo, ẹ̀yìn la ti ń bá ẹ̀rọ rù ú. A kì í fà á, a kì í tì í. À ń sìn ín lọ ni."

Ẹ̀rọ kùn lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á. Ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, ògiri yọ, irun yọ, nǹkan róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

"Etí yín rèé," ni Àǹtí Akọ̀wé sọ jẹ́jẹ́.

Ìyá Aránṣọ kò lè wò ó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ mì. Ó ní kí àbúrò òun máa ròyìn rẹ̀ fún òun.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní àléébù. Èyí àkọ́kọ́ ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lára, torí pé ojú kan ti dí níbi tí íǹkì ń gbà. Ti ìkejì, inú Ìyá Aránṣọ dùn jù, ó gbá a mú kó tó gbẹ, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà. Ti ìkẹta, íǹkì búlúù tán lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wá pọ́n bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Kánfáàsì sì ti tán. Wọ́n kàn wọ́n mọ́ igi. Fáníìṣì inú ìgò tó méjì, kò tó mẹ́ta. Èyí tó ní ìka lára ni kò kàn. "Ẹni tó bá mú un, a ó bá a kùn ún tó bá yá," ni Ìyá Aránṣọ wí. Ó wá po tíì dúdú, ó jẹ́ kó tutù, ó fi kànìnkànìn tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kánfáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí wọ́n fi dà bí ohun tó ti gbó.

Àbúrò rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ ti ń ṣe iṣẹ́ olè?"

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ọmọ pé. Ìyá wọn fi ìwé wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí oníkálùkù mú ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì bi òun ní ìbéèrè kankan láé. Wọ́n tú u. Oníkálùkù gbé tirẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀.

Ọkùnrin tó ń kọ́ni ní mọ́tò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà funfun. "Ojú búrọ́ọ̀ṣì nìyí," ló ń sọ fún ara rẹ̀, ó sì ṣe ojú àánú sí àwọn yòókù. Apòògùn rí àtàǹpàkò, omi bọ́ lójú rẹ̀: "Ìka Bàbá!" Onídìrí gbé tirẹ̀ jìnnà sójú, ó mi orí. "Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yà á. Ẹni tí kò bá mọ àwọ̀, kò lè mọ̀."

Kí wọ́n tó lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yà sínú ilé ìdáná láti wá sọ̀rọ̀ sétí ìyá wọn. "Màmá, mo mọ̀ pé èmi lẹ fún."

"Ìwọ ni mo fún," ni ìyá wọn dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Àǹtí Akọ̀wé wúkọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Ìyá Aránṣọ kò tilẹ̀ sáré pẹ́: Ọjọ́bọ̀ ni fóònù dún.

"Màmá!" Apòògùn ni. "Ẹ ti ń parẹ́ o!"

"Mo ń parẹ́ kẹ̀? Èmi rèé tí mo jókòó."

"Eruku ni mo ní kí n nù! Mo rọra fi aṣọ tútù nù yín báyìí, etí yín bọ́ sára aṣọ! Ìka Bàbá náà ti lọ!"

Ìyá Aránṣọ gbé fóònù kúrò létí, ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wo àjà ilé.

Kí ọjọ́ tó kanrí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé. Apòògùn ti kọ́kọ́ ya ilé àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì ti fi awò tó fi ń wo lẹ́tà kéékèèké ara ìgò oògùn wo tiwọn. Àmì íǹkì tó-tò-tó tí ẹ̀rọ tú sílẹ̀ ló rí lára wọn. Kò sí ojú búrọ́ọ̀ṣì kankan.

"Màmá," ni ọkùnrin àárín wí. Lọ́jọ́ náà, kò pariwo. "Ojúlówó dà?"

"Ojúlówó kí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Akọ̀wé wí, "ó tó báyìí. Ẹ sọ fún wọn."

Ìyá Aránṣọ dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Àwòrán náà kò sí lẹ́yìn àpótí aṣọ mọ́. Òru ọjọ́ kan péré ló lò níbẹ̀ kí ìyá tó gbé e kọ́ ògiri ní ọ̀kánkán ibùsùn rẹ̀.

"Ó wà níbí," ló wí. "Ibí ló sì máa wà níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí. Oṣù mẹ́ta gbáko lẹ fi jà lé e lórí. Àkọ́bí sọ tiẹ̀, ẹni tó di àkàbà mú sọ tiẹ̀, oníkàlẹ́ńdà sọ tiẹ̀. Èmi ni mo wà nínú ẹ̀. Ọkọ mi ló yà á. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ."

Ọkùnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Onídìrí kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Apòògùn wí. "A ṣe ohun tí kò dáa." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, mo gbóòórùn ẹ̀yìn tèmi. Ṣé tíì ni?"

"Tíì ni," ni Àǹtí Akọ̀wé dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Kò sì fi súgà sí i."

Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ran àbúrò rẹ̀, ó wá ran ìyá wọn fúnra rẹ̀, tó jókòó sórí ibùsùn tó ń fi téèpù ìwọnṣọ nu omi ojú.

Ọkùnrin náà ní òun kò ní dá tòun padà, òun ti fi ojú búrọ́ọ̀ṣì han gbogbo àwọn tóun ń kọ́ ní mọ́tò, ojú á ti òun. Onídìrí ní àwọn oníbàárà òun ti ń bèèrè bí irun ṣe lè pọ́n bẹ́ẹ̀. Apòògùn nìkan ni kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ bí kò ṣe kánfáàsì tó ní èjìká láìní etí. Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé íǹkì tuntun dé, pẹ̀lú ìdì kánfáàsì kan àti ìgò fáníìṣì ńlá. Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sún mọ́ ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ lọ kánfáàsì, ó rẹ́ òwú rẹ̀, ó lẹ etí rẹ̀, ó wá ní kí Apòògùn alára dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ kó gbé ìdí rẹ̀.

"O ń fà á."

"Mi ò fà á, Màmá."

"Ẹ̀rọ ń ké, o ò gbọ́? Dẹ ọwọ́. Sìn ín lọ."

Apòògùn dẹ ọwọ́. Ẹ̀rọ gbà á, ó ń kùn lọ ní tirẹ̀. Àǹtí Akọ̀wé tẹ̀ ba iwájú ẹ̀rọ, ó ń ròyìn: ògiri rèé, irun rèé, etí ti ń bọ̀. Nígbà tó jáde tán, tó tẹ́ sórí tábìlì tó ń dán yinrin, Apòògùn na ìka sí i.

Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Jẹ́ kó gbẹ."